Igi Tí Gafar Gé Láti Fi Gba Igi Là

Kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni nínú ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ bú. Èmi Ìyá Clara, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, onídìí bí àpò àlùbọ́sà, èmi ni mo di okùn mú nígbà tí wọ́n ń gé igi náà. Mo tún ń kọrin sí i! Ẹjọ́ igi yìí ló dé ààfin Baálẹ̀ wa n'Íkòsí lánàá.

Ruqoyah tó ń ta tàtàṣé ní Mile 12 ló pẹjọ́. Gafar tó ń fi lẹ́búlẹ́bú pákó ṣe èédú ló pè lẹ́jọ́.

"Baálẹ̀, ẹ gbà mí o!" Ruqoyah figbe ta. "Ọdún méjìlá ni mo ti ń tajà lábẹ́ igi fúrúùtù yẹn. Mo lọ kí ìyá mi n'Ísẹ́yìn, mo dé, mo bá kùkùté! Oòrùn ti se apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé mẹ́fà mọ́ mi lọ́wọ́. Mi ò ní ṣọ́ọ̀bù. Igi yẹn ni ṣọ́ọ̀bù mi."

Baálẹ̀ yíjú sí Gafar. "Ìwọ lo gé e?"

"Mo ń gba nǹkan là ni, Bàbá."

"Kí lò ń gbà là?"

"Igbó, Bàbá. Ẹ ṣáà mọ èédú mi, Gbagbólà. Kàkà kí wọ́n máa gé igi sun, mo máa ń kó lẹ́búlẹ́bú tí àwọn tó ń la gẹdú ń dà nù, màá pò ó mọ́ sítáàṣì, màá tẹ̀ ẹ́, màá sá a. Ọjà wá ń tà! Láti Anthony lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń wá rà á. Ni lẹ́búlẹ́bú bá tán."

"Báwo ló ṣe tán?"

"Àwọn aládìyẹ ń kó o. Àwọn tó ń dà á sí ẹrọ̀fọ̀ ọjà náà ń kó o. Mi ò sì fẹ́ já àwọn tó fẹ́ gba igbó là kulẹ̀. Mo bá wá igi kan tí mo lè rẹ́ di lẹ́búlẹ́bú."

Àgbà ìgbìmọ̀ kan gbàgbé obì sẹ́nu.

Baálẹ̀ rọra bi í: "O gé igi, kí o lè rí ìdọ̀tí igi, kí wọ́n má baà gé igi?"

"Ẹ ṣeun, Bàbá! Ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ tó yé."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àfi bí mo ṣe rántí okùn.

"Igi ọ̀hún ti kú tẹ́lẹ̀," Gafar fi kún un. "Ẹ bi Reuben tó ń ti báró."

Reuben bọ́ síwájú, ẹnu rẹ̀ ń lọ. "Ó ti kú fin-ín fin-ín, Bàbá. Ọdún kẹta rèé."

"Kí lò ń jẹ lẹ́nu yẹn?"

"Fúrúùtù ni, Bàbá."

"Níbo lo ti rí i?"

"Lórí ẹ̀ náà ni. Mo ṣà á lọ́jọ́ tó ṣubú."

Ajarat, ìyàwó Gafar, fò dìde kó lè gba ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. "Èédú wa kì í rú èéfín rárá, Bàbá!"

"Kí ló wá sọ ojú rẹ di pupa báyẹn?"

"Iná tá a fi ń gbẹ ẹ́ ni. Oòrùn ń pẹ́, oníbàárà ń kánjú. Igi la máa ń fi dáná sí i lábẹ́."

"Igi wo?"

"Ẹ̀ka fúrúùtù náà ni."

Gafar fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Àfi bí Baálẹ̀ ṣe rí mi níbi tí mo forí pamọ́ sí. "Ìyá Clara, wọ́n lẹ́yin lẹ di okùn mú."

"Èmi ni, Baálẹ̀. Ó ní igi kan tá a bá gé yóò gba mẹ́wàá là. Mo ka mẹ́wàá, inú mi dùn. Ó tún fún mi ní èédú ọ̀fẹ́, mo fi se ẹ̀wà."

"Ó jinná?"

"Kò jinná tán, Baálẹ̀."

Baálẹ̀ dìde. "Gafar, wàá gbin fúrúùtù tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté yẹn. Títí tí yóò fi ṣíji bo apẹ̀rẹ̀ Ruqoyah, ìwọ ni igi. Láti aago mọ́kànlá di aago mẹ́rin, wàá na tapólì sókè lórí ọjà rẹ̀. Igi kì í jókòó, o ò ní jókòó. Igi kì í gbé fóònù, o ò ní gbé fóònù. Bí àwọn ọmọdé bá sọ ọ́ lókò, gbà pé èso ni wọ́n ń wá. Ìyá Clara ni yóò máa bomi rin ẹ̀yin igi méjèèjì."

Lónìí, lọ́sàn-án gangan, mo gbé garawa omi mi dé ọjà. Gafar dúró ṣánṣán, tapólì ń fì lókè, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti ń wálẹ̀. Ruqoyah jókòó sábẹ́ rẹ̀, ó ń to tàtàṣé.

"Gbé ọwọ́ òsì yẹn sókè, jàre. Oòrùn ń wọlé!"

Gafar wo fúrúùtù kékeré tó gbìn láàárọ̀. Ewé mẹ́ta péré ló ní. Ó wá wò mí.

"Mummy," ó ní, "ọdún mélòó ni irú igi yìí fi ń dàgbà?"