Áàpù Tí Kò Mọ Ẹni Tó Kọ̀

Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe Adéníran ará Iba: kò mọ ìgbà tí wọ́n bá ń fọgbọ́n lé òun lọ. Bí o bá ti sọ fún un pé wàá rò ó wò, lójú tiẹ̀, o ti gbà nìyẹn, á sì ti fi ọ́ yangàn káàkiri àdúgbò kílẹ̀ tó ṣú.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló fi iṣẹ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe sílẹ̀ l'Ọ́jà Àlàbá, tó ní áàpù lòun fẹ́ ṣe. Bí ilé-iṣẹ́ tuntun bá ń wá owó, áàpù náà ni yóò máa fi hàn wọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ dé: àwọ̀ ewé fún olùdókòòwò tó ti ṣèlérí, pupa fún ẹni tó kọ̀. Owó tí Adéníran fúnra rẹ̀ ń wá ló kọ́kọ́ fi dán an wò.

Ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́táyọ̀, fara dà á títí ó fi sú u.

"Àlàájà Zulaikha tó ń bọ̀ lọ́la yìí, tí wọn ò bá fowó sí i, o máa padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ l'Álàbá. Èmi nìkan ò lè máa bọ́ ilé yìí mọ́."

"Fọkàn balẹ̀ jàre. Kò tíì sẹ́ni tó kọ̀ fún mi ní gbogbo Ọ̀jọ́."

Òótọ́ ni. Nígbà tí Àlàájà, tó ń ta ẹ̀rọ iná oòrùn l'Ókòkómáíkò, jókòó síwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ kejì, àwọ̀ ewé ló rí láti òkè délẹ̀.

"Kò sí pupa kankan?"

"Kò sí, mà. A ò tíì lò ó rí."

Àlàájà mọ ẹni àkọ́kọ́, Alàgbà Ṣọlágbadé. Ó pè é, ó sì tan sípíkà.

"Adéníran kẹ̀? Àdúrà ni mo gbà fún un, Àlàájà. Òun náà ṣàmín."

Ó pe ẹnì kejì, Àkànmú tó ń ta fóònù.

"Mo ní kó fi nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀ ni, kí n lè ráyè jẹun."

Adéníran nu ojú, ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa. Àlàájà ti rí orúkọ mìíràn nísàlẹ̀ pátápátá.

"Àlàájà Zulaikha. Ta nìyí?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

"Èmi tí mi ò tíì jókòó dáadáa?"

"Ẹ sọ lórí fóònù pé ẹ̀ ń bọ̀, mà. Mo ní kí n tètè fi yín síbẹ̀."

Ọmọ́táyọ̀, tó ń gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò bọ̀, rọra gbé e padà sí kíṣìnì. Ojú tì í gan-an. Àlàájà mú báàgì rẹ̀.

"Kò burú, ọmọ mi. O gbìyànjú. A máa rí ara wa, Ọlọ́run á ṣe é."

Adéníran sìn ín dé títì, ó sì padà wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Wọ́n ti gbà."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní Ọlọ́run á ṣe é."

Ọmọ́táyọ̀ na fóònù sí i. "Pe ọ̀gá ẹ."

Ó pè é. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ki ọ̀gá, ó ní kò sóhun tóun ò lè ṣe ní ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀gá gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán.

"Mo ti gbọ́, Adéníran. A máa wò ó. Ọlọ́run á ṣe é."

Adéníran gbé fóònù sílẹ̀, ara rẹ̀ sì wálẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni ní ìtumọ̀ rẹ̀.

"Ṣé kí n bá ẹ fi ọ̀gá sí àwọ̀ ewé?" ni Ọmọ́táyọ̀ bi í.

Adéníran fa kọ̀ǹpútà mọ́ra, ó kọ orúkọ ọ̀gá, ó sì tẹ pupa.

Pupa ò ṣiṣẹ́.