Wendell Prather Wa Mọ́tò Dé Juneau

Ẹ bá mi kí Wendell Prather, ọkọ Maxine, ọ̀kan ṣoṣo àjànàkú tí ń mi igbó Iowa. Bí o bá kí i ní ẹ káàárọ̀, iye ìpínlẹ̀ tó ti dé ni yóò fi dá ọ lóhùn. Bí o bá ní eyín ń dùn ọ́, á ní eyín dun òun náà rí lórí àtẹ̀gùn ilé ìjọba Vermont, tòun sì le ju tìrẹ lọ.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń rìn o. Àwa tí a ti fẹ̀yìn tì ní ìlú wa ní ẹgbẹ́ kan. À ń wa mọ́tò láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ lọ wo ilé ìjọba wọn. A ó gbójú sókè wo òrùlé rìbìtì, a ó tẹ òǹtẹ̀ ibẹ̀ sínú ìwé wa, ó di ilé. Mo ti dé mọ́kànlélógún kí orúnkún tó ní kí n sinmi. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé gbogbo àádọ́ta ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò kọ sára pátákó idẹ kan ṣoṣo tó wà ní ilé ìkàwé. Kò sí pátákó kejì.

Gbogbo wa gbà pé Verna Stohlman ló ni pátákó yẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ni òun àti Harlan ọkọ rẹ̀ fi rin mọ́kàndínláàádọ́ta. Juneau, olú ìlú Alaska, nìkan ló kù tí ikú fi mú Harlan lọ. Verna ti múra àtilọ lóṣù kẹsàn-án, kí orúkọ àwọn méjèèjì lè jọ wà lára idẹ náà. Kò bẹ Ọlọ́run ní nǹkan mìíràn.

Wendell, tí tiẹ̀ náà ku Juneau, kò rí oorun sùn mọ́. Nínú oṣù kẹfà, ó gun mọ́tò ńlá tó ń sùn sí, òun nìkan, nítorí Maxine ní ẹ̀yìn òun ò gba ìrìn mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré, ó dé. Ó ní àádọ́ta ti pé.

Ọjọ́ Sunday la pàdé ní ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì láti bá a yọ̀, kálukú gbé ìkòkò oúnjẹ tirẹ̀ wá. Wendell sọ̀rọ̀ títí ẹran fi tutù. Verna jókòó lẹ́yìn, ó ń ká bébà ìnuwọ́ ó ń tú u. Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an.

Wendell ní àwọn ọ̀lẹ ló ń wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. "Èmi ńkọ́? Ọwọ́ mi yìí ni mo fi wa mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba Juneau. Iwájú àtẹ̀gùn ni mo páàkì sí."

Verna gbórí sókè. "Wendell, ọ̀nà wo lo gbà wọ̀lú?"

"Títì márosẹ̀ ni. Ọ̀dà ibẹ̀ ń dán bíi dígí."

"Kò sí títì tó wọ Juneau láti ìta," Verna wí jẹ́jẹ́. "Òkè yìnyín wà lẹ́yìn ẹ̀, omi wà níwájú. Àfi bàálù tàbí ọkọ̀ ojú omi. Harlan bì lọ bì bọ̀ nínú bàálù Honolulu, ó ní òun ò tún wọ ohun tí táyà ẹ̀ ò sí nílẹ̀ mọ́. Ìdí tí a ò fi tíì débẹ̀ nìyẹn."

Wendell wúkọ́. "Wọ́n ti ti títì yẹn. Ẹ̀yìn ìgbà tí mo kọjá ni."

Wọ́n ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òótọ́ tó bá a. Ti Wendell kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán tán. Gus Halvorsen, alága wa, gbé ìwé àwòrán ọ̀nà wá, ó ní kó fi ìka tọ ọ̀nà náà fún wa. Ìka Wendell gbéra láti Canada, ó ń sáré bọ̀. Nígbà tó yá, ó ń rọra rìn. Ó dúró.

Gus tẹ̀ ba wò ó. "Wendell, inú omi lo wà yìí."

Ẹ̀rín bú. Wendell na ìwé òǹtẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ní òǹtẹ̀ kì í parọ́. Maxine, tó ń bu oúnjẹ fúnni, gba ìwé náà, ó gbé e sún mọ́ iná, ó wò ó pẹ́.

"Wendell," ó ní, "ààbọ̀ ọ̀dùnkún tí mo bá nínú gáréèjì, tí wọ́n fi ọ̀bẹ fín lójú, tó kún fún tàdáwà, tí o ní eku ló gé e jẹ. Ṣé òǹtẹ̀ Juneau nìyẹn?"

Kò sẹ́ni tó tún bu ọ̀dùnkún jẹ lọ́jọ́ náà. Gus ní kí ẹni tó bá fẹ́ kí pátákó dúró de Verna àti Harlan nawọ́. Gbogbo wa na ọwọ́ kọ̀ọ̀kan. Maxine na méjèèjì.