Tírélà Tó Pe Òkú Lẹ́jọ́

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Sẹ̀kínátù Àníọlá gun àtẹ̀gùn lọ sí ọ́fíìsì Iléeṣẹ́ Akẹ́rù Ọ̀nà-Ire ní Ring Road, ó mú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ọkọ rẹ̀ dání. Ọkọ náà, Mùstàfá, ti lo oṣù mẹ́rìnlá nínú sàréè.

Ẹni tó gbà á lálejò ni Ọ̀gá Akíndúró, ọkùnrin Oǹdó kan tí kò tíì pé oṣù méjì nídìí tábìlì ọ̀rọ̀ ìjàǹbá. Táì rẹ̀ gún régé, kò sì sí ohun tí kò mọ̀. Kí obìnrin náà tó fìdí kan àga ló ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jókòó kí ẹ̀yìn má baà dun ni, ó sì ti ṣàlàyé fún un ìdí tí omi inú ike fi ń tètè gbóná. Ẹ̀yìn èyí ló tó béèrè bàbá.

“Wọn ò lè wá, ọ̀gá,” ni Sẹ̀kínátù wí.

“Ara wọn ò yá ni?”

“Wọ́n ti kú.”

“Ẹ kú ará fẹ́ra kù, màmá. Nígbà wo nìyẹn?”

“Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ yín pa wọ́n.”

Akíndúró rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí èèyàn ń rín sí ọmọ tó ṣi ìsọdipúpọ̀ kà. Ó fa fáìlì kan yọ, ó ní òdìkejì ohun tí màmá sọ ló wà níbẹ̀. Ojú ìwé kìíní ti já sọnù, ṣùgbọ́n ìkejì ṣì wà. Ó dá a lójú pé awakọ̀ iléeṣẹ́ ló kọ ọ́, tó fi ẹjọ́ bàbá sun ìyàwó rẹ̀. Ó gbé ìwé sókè, ó kà á bí ẹni ń ka ìròyìn lórí rédíò:

“‘Ọkọ yín pa ọkọ̀ mi ní Ìwó Road.’ Ṣé ẹ gbọ́?”

Sẹ̀kínátù na ọrùn wo ìwé náà. Lẹ́tà tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí iléeṣẹ́ ni, èyí tó lọ tẹ̀ ní ilé oníkọ̀ǹpútà kan ní Agbowó. Lẹ́tà ńláńlá ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ fi tẹ gbogbo rẹ̀, kò sì fi àmì ohùn kan ṣoṣo sí i: OKO YIN PA OKO MI.

“Èmi ni mo kọ ọ́, ọ̀gá. Ọkọ̀ yín pa ọkọ mi.”

“Ohun tí mo kà náà nìyẹn.”

“Rárá o. Ẹ̀yin fi ọkọ ṣáájú. Ọkọ̀ ló ṣáájú, ọkọ ló gbẹ̀yìn.”

“Ìyẹn ni pé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni bàbá wà?”

“Iwájú rẹ̀ ni wọ́n wà.”

“Màmá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ọkọ gbẹ̀yìn ni.”

Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlẹ́rìí ń ta ko ara rẹ̀.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Sẹ̀kínátù ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ní Yorùbá. Ó fi ìka kan tábìlì, ó ń pe ohùn kọ̀ọ̀kan fún un bó ṣe ń pè é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: re re, re dò. Akíndúró dá a dúró. Ó ní kí màmá má ṣe wàhálà, òun gba A nínú Yorùbá nílé ìwé girama. Ó tún wo ìwé náà, ojú rẹ̀ sì là.

“Òkò. Ṣé òkò ni bàbá jù?”

“Ta ló ju òkò?”

“Ohun tí a fẹ́ mọ̀ nìyẹn.” Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. “Àbí oko ni? Ṣé bàbá ní oko?”

“Fíríìjì ni wọ́n ń tún ṣe, ní Challenge.”

“Nínú oko?”

Sẹ̀kínátù na lẹ́tà tó mú wá sí i. Akíndúró gba lẹ́tà ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń tọ́ka sí ohun tí iléeṣẹ́ fẹ́ kí bàbá tún ṣe: gíláàsì iwájú, iná apá ọ̀tún, àti bọ́ńpà.

“Bọ́ńpà yẹn wọlé níwọ̀n ìka mẹ́rin. Agbára ni bàbá fi kọlù ú.”

“Kí ni ọkọ̀ náà gbé, ọ̀gá?”

“Ẹgbẹ̀ta àpò sìmẹ́ǹtì.”

“Ọkọ mi kò wúwo tó àpò kan àti ààbọ̀.”

“Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwúwo, màmá. Eré ni. Eré wo ni bàbá ń sá?”

“Wọ́n dúró ni.”

“Bí wọ́n ṣe dúró yẹn, báwo ni eré wọn ṣe pọ̀ tó?”

Obìnrin náà dìde.  Ó ń fojú inú rí Mùstàfá létí títì ní Ìwó Road ní àárọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá náà, pẹ̀lú agolo gáàsì fíríìjì kékeré tó lọ rà, nínú aṣọ iṣẹ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lọ̀ nítorí pé kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun lọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti wá sí ọ́fíìsì yìí lẹ́yìn ìsìnkú. Àwọn tó wà nídìí tábìlì yìí ṣáájú Akíndúró bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ohùn kan náà ni wọ́n sì fọ̀: àwọn kò ní irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìkan ni ó ti gbọ́ pé tiwọn ni: wọ́n ti tú nọ́ńbà ara tírélà náà kí ọlọ́pàá tó dé ibẹ̀, awakọ̀ sì ti sá lọ. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní Bódìjà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Olúwafikúnayọ̀mi, ti sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ fún un pé bí kò bá sí ìwé kan tó so ọkọ̀ mọ́ iléeṣẹ́, ẹjọ́ wọn kò ní ẹsẹ̀ tó máa fi dúró.

Ó na ọwọ́ gba lẹ́tà rẹ̀ padà kó lè máa lọ. Ìgbà yẹn ni ojú rẹ̀ bọ́ sórí ìlà kejì. Láti àná tí lẹ́tà náà ti dé, orúkọ Mùstàfá tó wà lókè nìkan ló ń rí, ìbínú kò jẹ́ kó ka ìyókù dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ ketekete pé “ọkọ̀ wa”.

Sẹ̀kínátù padà jókòó. Ó jókòó gẹ́gẹ́ bí Akíndúró ṣe kọ́ ọ.

“Ẹ má bínú, ọ̀gá,” ó ní. “Orí mi ló gbóná. Tí ọkọ mi bá ba ọkọ̀ ẹlòmíràn jẹ́, ó yẹ ká mọ bí a ṣe máa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé tiyín ni?”

Inú Akíndúró dùn. Ó ní ìwà àgbà nìyẹn. Ó tú dúrọ́ọ̀ rẹ̀, ó kó ìwé ọkọ̀ náà jáde, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn án, ó fi ọdún tí wọ́n rà á hàn án. Ó mú ìwé tí máníjà fọwọ́ sí ní àárọ̀ ọjọ́ ìjàǹbá náà pé kí Surajudeen, awakọ̀ wọn, gbé sìmẹ́ǹtì lọ. Sẹ̀kínátù ní òun ò lè fi ẹnu lásán ròyìn gbogbo èyí fún àwọn ẹbí. Akíndúró ní kò sí wàhálà, ó ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ó fa fọ́ọ̀mù kan yọ. Ọkọ̀ méjì tó bá forí sọra ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n òun nìkan ló wà nílẹ̀.

“Nọ́ńbà ọkọ̀ kejì?”

“Kò sí ọkọ̀ kejì. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn dé ibẹ̀.”

Ó kọ “ẹsẹ̀”. “Táyà mélòó?”

“Méjì.”

“Ipò wo ni bíréèkì wà?”

“Ó dáa gan-an. Mo ní wọ́n dúró. Tiyín ńkọ́?”

Akíndúró gbé kálámù sílẹ̀. Ó ní olódodo ni òun, òun kò ní gba ohun tí kì í ṣe ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ opó. Bíréèkì ọkọ̀ náà ti bàjẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ṣáájú ọjọ́ náà. Surajudeen kọ̀wé sí máníjà nípa rẹ̀, máníjà sì ní kó ṣì máa wà á lọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, iléeṣẹ́ yọ bíréèkì kúrò nínú ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ bàbá.

Sẹ̀kínátù ka ọjọ́ náà lọ́kàn. Ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn ni Mùstàfá ra bàtà ilé ìwé fún Ikrimah, àbíkẹ́yìn wọn, tó sì rà á tóbi kí ó lè wọ̀ ọ́ di ọdún kejì. Bàtà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá ọmọ náà lẹ́sẹ̀ mu báyìí ni.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó fẹ́ pe àpèkọ fún kíláàsì.

“Ọlọ́run á san yín lẹ́san, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ bíréèkì yẹn sílẹ̀ fún mi, kí ẹnikẹ́ni má baà wá fi kún ẹrù wa lọ́la.”

Akíndúró kọ ọ́. Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára. Sẹ̀kínátù ń wò ó láti òdìkejì tábìlì.

“Ẹ fi àmì sórí ọ tó gbẹ̀yìn nínú ọkọ̀,” ó ní. “Àmì ohùn ìsàlẹ̀ ni. Kí wọ́n má baà tún ṣì wá gbọ́.”

Ó fi í sí i. Ohun tó kọ nìyí: *Bíréèkì ọkọ̀ wa ti bàjẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, máníjà wa sì mọ̀, kí Surajudeen awakọ̀ wa tó wà á lọ kọlu Mùstàfá Àníọlá níbi tí ó dúró sí ní Ìwó Road. A kò ní gba owó bíréèkì lọ́wọ́ rẹ̀.* Ó buwọ́ lù ú, ó tẹ òǹtẹ̀ iléeṣẹ́ sí i, ó sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí òǹtẹ̀ náà kí ó lè tètè gbẹ.

Sẹ̀kínátù fi fóònù ya ìwé náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí Bódìjà láìkúrò lórí àga. Kò pẹ́ tí èsì fi wọlé. Olúwafikúnayọ̀mi ní kí ìyá rọra máa sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba ìwé yẹn lọ́wọ́ wọn. Sẹ̀kínátù ká ìwé náà sínú àpò rẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì dìde.

Akíndúró bá a dé ẹnu ọ̀nà, gẹ́gẹ́ bí ọmọlúàbí. Ó ní nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Òfin iléeṣẹ́ ni pé ẹni tí wọ́n bá kọ̀wé sí ló gbọ́dọ̀ fèsì fúnra rẹ̀, kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, òun kò sì lè ti fáìlì láìsí èsì náà.

“Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn ti yàtọ̀, màmá. Ṣùgbọ́n ìgbà wo gan-an ni ká máa retí èsì bàbá?”

Sẹ̀kínátù tún gèlè rẹ̀ ṣe.

“Bàbá Ikrimah ti fèsì, ọ̀gá. Ọwọ́ yín ni wọ́n fi kọ ọ́.”