Ewé Irin Méjìlá fún Jíìpù Ìjọ

Bí ènìyàn bá gbàdúrà kí ọkọ̀ má já sọ́nà, tí ó tún wá lọ fi sípánà fún bóòtù rẹ̀ le, èwo nínú méjèèjì ni kò gbọ́kàn lé? Títí di òní, Zachariah, akọ̀wé ilé àdúrà kan ní Orè, kò tíì rí ìdáhùn sí i. Àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún kejì òmìnira ló bẹ̀rẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀bù Gàzálì mẹkáníìkì. Jíìpù àtijọ́ tí ìjọ rà lọ́wọ́ òyìnbó agégẹdú kan wà lórí ìtì igi, ẹsẹ̀ méjì sì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀.

"Gàzálì! Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ ta ni ẹ rò pé ẹ ń wò, Baba Akọ̀wé? Ẹ káàárọ̀, sà."

"Káàárọ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà ti jókòó lórí ọ̀rọ̀ sípíríngì yẹn. A ti fẹnu kò."

"Lórí kí ni, sà?"

"Kí o gbé ọkọ̀ náà ga sí i. Ikùn rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Méjìlá ni kí o tò sí i."

Gàzálì yọ orí jáde. Pẹlẹbẹ irin gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ bí ọrun, ó sì ti dá sí méjì.

"Méjìlá kí ni?"

"Ewé irin bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, kí o tò ó lé ara wọn. Ọ̀kan fún àpọ́sítélì kọ̀ọ̀kan."

"Júdásì náà ńkọ́?"

Ìgbìmọ̀ kò ronú kan Júdásì.

"Ó dáa, ṣe é ní mọ́kànlá."

"Baba, méje ni òyìnbó tò síbẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló dá. Bí mo bá to mọ́kànlá, ọkọ̀ yóò ga lóòótọ́, àmọ́ yóò le bí òkúta. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn, eyín rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé Odígbó." Ó fa òórùn símú. "Ẹ gbọ́, kí ló ń rùn bí ilé àdúrà lára bíréèkì yìí?"

"Òróró ìyàsímímọ́ ni. Wòlíì ló dà á sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí a tó lọ sí Ajue."

"Sórí bíréèkì?"

"Ṣé bíréèkì kì í ṣe ara ọkọ̀ ni?"

"Nígbà tí ẹ dé Ajue, níbo ló dúró?"

"Nínú oko ẹ̀gẹ́ Ìyá Lydia."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ wà nínú rẹ̀?"

"Mẹ́rìndínlógún. Àti àga Wòlíì. Àti iṣu ìkórè. Kò sì sí ẹni tó fara pa! Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé ìjẹ́rìí: Olúwa dá ọkọ̀ dúró."

"Ẹ̀gẹ́ ló dá a dúró."

"Ta ló mú ẹ̀gẹ́ dàgbà?"

Gàzálì wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ. Zachariah kò sọ fún un pé lọ́jọ́ tí òun ń kọ ìjẹ́rìí náà, gègé dúró pẹ́ lọ́wọ́ òun. Díẹ̀ ló kù kí òun kọ ẹ̀gẹ́ dípò Olúwa.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó lóṣòó ti àwọn ẹsẹ̀ méjì náà.

"Gàzálì, gbọ́. Ìjọ rò pé iṣu ìkórè ni mo fẹ́ lọ kó ní Omifunfun lọ́la. Irọ́ ni. Olúfúnmilọ́lá ni mo fẹ́ lọ gbé."

"Ọmọ yín obìnrin?"

"Oṣù rẹ̀ ti pé. Ilé àdúrà la tẹ́ ẹ sí nígbà àkọ́bí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko. Ọmọ náà kò yè. Hannah ìyàwó mi ti ní lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dọ̀ agbẹ̀bí ìjọba ní Odígbó ni, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á fi ẹ̀yìn pọ̀n ọ́n lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà yẹn…"

"Ṣebí àwọn tó wá tọrọ ìbò sọ pé bí a bá ti gba òmìnira, wọn yóò tún un ṣe?"

"A ti gbà á. Ọ̀nà ni kò tíì gbọ́."

Gàzálì jáde pátápátá. Ohùn rẹ̀ ti rọlẹ̀.

"Bíréèkì yẹn, màá fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Ewé mẹ́fà tó kù, lánàá ni mo kó wọn lọ sí ilé alágbẹ̀dẹ kí wọ́n lè tẹ̀ sí i. Alágbẹ̀dẹ ti lọ sóko, èmi ni mo bá fọwọ́ ara mi lù wọ́n. Màá fi ọ̀kan kún un lára lọ́rì tó máa ń kó kòkó, tó kú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Ó di méje."

"Méje! Ẹ̀mí méje ti Ọlọ́run! Ìgbìmọ̀ á gbà."

"Òyìnbó ló ní méje, Baba."

"Níbo ni òyìnbó ti rí i?"

"Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀. Ewé lọ́rì yẹn nípọn. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ṣófo, fífò ni yóò máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́, kò sì dáa fún aboyún. Àfi kí ẹ di nǹkan tó wúwo sí i kó lè rọ̀. Ẹ gbé alàgbà mẹ́rin sẹ́yìn."

"Alàgbà! Kí a tó dé odò, Wòlíì ti gbọ́ pé mo gbé aboyún kọjá ilé àdúrà."

"Àwọn akọrin ńkọ́?"

"Wọn á fi í kọrin."

"Àpò iyanrìn mẹ́fà, nígbà náà."

Ọkàn Zachariah balẹ̀. "Ìyẹn dára. Iyanrìn kì í rojọ́."

"Kì í sì í jẹ́rìí."

Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, jíìpù ti dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó ga débi pé Zachariah ní láti ká aṣọ sókè kó tó lè gùn ún. Ó jókòó, ó mì í síhìn-ín, ó mì í sọ́hùn-ún.

"Ṣé yóò gbé wa dé?"

Gàzálì, tí ẹnu rẹ̀ kì í dilẹ̀, ń fi àkísà kan náà nu ìka kan náà.

"Gàzálì, mo bi ọ́ léèrè."

"Ó yẹ kó dé, sà."

"Fún bóòtù yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i."

"Mo ti fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Fún un lẹ́ẹ̀kẹrin. Ọmọ mi ni."

Gàzálì mú sípánà, ó fún un lẹ́ẹ̀kẹrin. Ṣùgbọ́n kò dìde níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Baba Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ tọrọ nǹkan kan lọ́wọ́ yín."

"Kí ni?"

"Ẹ bá mi gbàdúrà sí i. Mo ti kírun tèmi ní ìdájí, ọkàn mi ò tíì balẹ̀."

"Ìwọ! Ìwọ tó fi òróró wa ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀? Ìwọ tó mọ irin tinú tẹ̀yìn?"

"Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, sà. Ẹ̀yin mọ Ọlọ́run. Èmi mọ ẹni tó lu irin yẹn. Ẹ bá mi gbàdúrà tó le sí i, sà… àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí òróró kan bíréèkì."