Bí Mo Ṣe Dọ̀bálẹ̀ ní Kíláàsì Yoga

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé, bí mo tilẹ̀ fẹ́ kí n gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru ní Johannesburg nígbà náà. Ẹnjiníà ni mí ní Sandton, ṣùgbọ́n bí robot, ìyẹn iná tó ń dá mọ́tò dúró, bá ti pọ́n ládùúgbò Bruma, ó ti tó láti ba ọjọ́ mi jẹ́. Dókítà ní kí n sinmi ọkàn, kí n lọ ṣe yoga.

Yoga kẹ̀! Èmi, olórí ẹgbẹ́ aládùúrà? Ní ìjọ wa, ìbọ̀rìṣà ni wọ́n pè é. Bí wọ́n bá gbọ́, ipò mi bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀fíntótó ni mí láti kékeré: mo fẹ́ mọ bí èèyàn ṣe ń jókòó láìronú nǹkan kan. Mo sọ fún ìyàwó mi pé mò ń lọ fọ mọ́tò, mo bá gba kíláàsì yoga kan ní Sandton lọ.

Màmá arúgbó kan ni olùkọ́ wa, irun wọn funfun báláú. Wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, wọ́n tẹrí ba fún mi. Ha! Kí àgbà máa tẹrí ba fún mi? Wọn ò tọ́ mi bẹ́ẹ̀. Kí n tó mọ̀, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Kíláàsì rò pé a ti bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn bá dojú bolẹ̀.

"Eish, bhuti, arákùnrin mi," ni ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sọ, "ìgbà wo la máa dìde?"

"Ó di ìgbà tí Màmá bá ní ká dìde."

Màmá kò mọ̀ pé àwọn là ń dúró dè. Wọ́n wò wá títí, àwọn náà bá rọra dojú bolẹ̀! Ojú gbà mí tì.

Nígbà tó yá, wọ́n ní ká jókòó, ká dijú, ká máa mí díẹ̀díẹ̀. Ó dùn ún ṣe o. Ó yà mí lẹ́nu pé mi ò fetí sí èémí ara mi rí. Màmá wá ń sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Kí ara yín ó le. Kí ọkàn yín ó balẹ̀."

Ta ló ń gbọ́ irú èyí tí yóò dákẹ́? "Àààmín!" Ohùn ẹgbẹ́ aládùúrà ni mo fi gbé e. Àfi bí ẹnìkan ṣe tún ké láti igun ẹ̀yìn: "Àmín ní orúkọ Jésù!"

Mo lajú. Ìyàwó pásítọ̀ wa ni, nínú ṣòkòtò tó fún mọ́ wọn lára. A wo ara wa bí olè tó pàdé olè.

"Brọ́dà," ni wọ́n sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ̀jẹ̀ ríru ni o. Ẹ ò rí mi níbí."

"Èmi náà ò sí níbí, Mà."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ẹni tí à ń sá fún, òun náà ní ẹni tó ń sá fún. Lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ tún gbógun ti yoga. Ìyàwó wọn ń wo Bíbélì, èmi ń wo àjà, ẹ̀rín fẹ́ pa mí. Nígbà tí dókítà tún wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó ti wálẹ̀. Bóyá yoga ni o, bóyá ẹ̀rín tí mo gbé mì ni, mi ò tíì mọ̀ dòní.