Ẹjọ́ Oníwáyà tó ń Yan Ẹni tí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Máa Yá Fún

Lánàá ni wọ́n gbé ẹjọ́ kan wá sí ààfin. Bí kì í bá ṣe pé mo jókòó síbẹ̀ fúnra mi pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ǹ bá ní irọ́ ni. Èmi ni mo máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹjọ́ sílẹ̀ fún Kábíyèsí. Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù tí gbọ̀ngàn ti kún dẹ́nu ọ̀nà, fáànù òkè sì ń yí bí ẹni tí wọ́n fipá mú.

Ìyá Aránṣọ ló pe ẹjọ́. Orí fóònù ni obìnrin yìí ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ìránṣọ: òun á wà nídìí maṣíìnì rẹ̀ níhìn-ín, àwọn á wà nílé wọn ní ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Oníwáyà, ọkùnrin tó fa wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì wọ gbogbo ilé àdúgbò. Òun nìkan ló ní in. Tí kò bá fún ọ, o ò rí.

"Rọra sọ ọ́," ni Kábíyèsí wí.

"Kábíyèsí, ọkùnrin yìí fẹ́ sọ mí di aláìníṣẹ́. Láti oṣù méjì báyìí, tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ kíláàsì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa wọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń kọ́ wọn ní ṣòkòtò. Mo nawọ́ sí ojú kan, mo ní, 'Ẹ má gé e.' Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé 'ẹ má' mì. 'Gé e' nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wọn."

"Wọ́n wá ṣe báwo?"

"Wọ́n gé e, Kábíyèsí! Àwọn mẹ́jọ! Ọ̀kan nínú wọn, ṣòkòtò ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n náà ńkọ́?"

"Ṣòkòtò péńpé ló fi gbéyàwó."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Omi ti lé sí i lójú.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọmọ mọ́kànlá ni mò ń kọ́. Mẹ́ta ló kù. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ àwọn ọmọ mi láti ìgbà tí bàbá wọn ti kú."

Ẹ̀rín rọlẹ̀. Kábíyèsí kọjú sí Oníwáyà. "Kí lo rí sọ?"

Oníwáyà dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó gbọn eékún rẹ̀ méjèèjì. "Kí adé pẹ́ lórí. Kábíyèsí, n kò bá Ìyá Aránṣọ jà o. Ẹ̀kọ́ ìránṣọ ni mo rọra ń kì bọ wáyà. Abẹ́rẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ sì wo wáyà mi bó ṣe tẹ́ẹ́rẹ́. Tí gbogbo abẹ́rẹ́ yẹn bá ń sáré gba inú rẹ̀ kọjá, tí ọ̀kan bá wá gún un ńkọ́?"

Olóyè Àgbà, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọgọ́rin ọdún, mi orí. "Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí nítumọ̀ o."

"Olóyè, àwòrán abẹ́rẹ́ ni," ni Kábíyèsí wí.

"Àwòrán náà ní ẹnu ṣónṣó, Kábíyèsí."

Wọ́n pe Onígbàjámọ̀, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé Ìyá Aránṣọ, pé kó wá jẹ́rìí.

"Irọ́ funfun ni, Kábíyèsí. Ẹ̀kọ́ ìránṣọ mìíràn wà lórí wáyà yìí kan náà, tó ń yá bí iná. Àbúrò ìyàwó Oníwáyà ló ń ṣe é. Oṣù méjì sẹ́yìn ló bẹ̀rẹ̀."

"Ṣé o fojú ara rẹ rí i?"

"Ojoojúmọ́ ni."

"Ìwọ onígbàjámọ̀, o ń wo ẹ̀kọ́ ìránṣọ lójoojúmọ́?"

"Ìyàwó mi ló ń wò ó. Èmi kàn ń kọjá ni."

"Báwo lo ṣe wá mọ̀ pé ó ń yá bí iná?"

"Kì í dúró rárá! Láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin! Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́ wọn ní kọ́là ẹ̀wù, wákàtí kan ààbọ̀ ló…" Ó yáa pa ẹnu dé.

"Ìkọjá yẹn mà gùn o," ni Kábíyèsí wí.

Onígbàjámọ̀ bá gbé ohùn sókè kó lè fi bo ìtìjú. "Ohun tí èmi ń sọ ni pé kí gbogbo ẹ̀ dọ́gba! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣáájú ẹnikẹ́ni, láéláé!"

Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Ibẹ̀ ni Agbẹ̀bí ti dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Kábíyèsí, tí wọ́n bá ṣe é bẹ́ẹ̀, èèyàn á kú. Lóṣù tó kọjá, ẹnì kan ń rọbí lọ́dọ̀ mi, ẹsẹ̀ ni ọmọ fẹ́ fi jáde. Dókítà wà nílùú míì, orí fóònù ló ti ń wò wá, tó ń sọ ibi tí màá fọwọ́ sí. Ọ̀sán Sátidé ni, gbogbo àdúgbò ń wo bọ́ọ̀lù. Àwòrán dúró. Mo ké sí Oníwáyà, ó dá bọ́ọ̀lù dúró, ó tì mí síwájú. Ìyá àti ọmọ wà láàyè."

Onígbàjámọ̀ fò dìde. "Abájọ! Ìwọ lo jẹ́ ká pàdánù pẹnáritì!"

"Ṣé kí ọmọ dúró kí ẹ gbá a wọlé ni?"

"Ìṣẹ́jú méjì péré ló kù!"

"Ẹ̀gbọ́n," ni Agbẹ̀bí wí, "ọmọ àbúrò yín obìnrin ni mò ń sọ."

Onígbàjámọ̀ dúró gbagidi. Ó rọra jókòó. "Wọn ò sọ fún mi pé òun ni," ló ń sọ sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Ni orí Oníwáyà bá wú. "Ẹ ò rí i! Èmi ni mò ń gun òpó. Èmi lòjò ń pa. Ó yẹ kí wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n máa yan èyí tó máa ṣáájú. Mo kúkú mọ ohun tí kálukú ń wò nínú yàrá rẹ̀."

Olóyè Àgbà gbé orí sókè. "O mọ ohun tí kálukú ń wò?"

"Pátápátá, bàbá."

"Títí kan… èmi náà?"

Oníwáyà wolẹ̀. "Bàbá, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú àwọn ìyàwó yín."

"Kábíyèsí!" Olóyè Àgbà fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ọ̀daràn ni ọkùnrin yìí!"

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí gbọ̀ngàn tó dákẹ́. Kábíyèsí nu ojú, ó wá dájọ́.

"Onígbàjámọ̀ ní kí gbogbo ẹ̀ dọ́gba láìyọ nǹkan kan sílẹ̀. Tí mo bá gbà fún un, Agbẹ̀bí á máa tò sẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Oníwáyà ní kí n fi òun sílẹ̀ kí òun máa yàn. Tí mo bá gbà fún un, àna rẹ̀ nìkan ló máa ríṣẹ́ ṣe ládùúgbò yìí. N kò ní ṣe ti ẹnì kankan nínú yín."

Onígbàjámọ̀ kùn. Oníwáyà náà kùn.

"Ẹ kùn dáadáa, n kò tíì parí. Oníwáyà, ìwọ lo ni wáyà, ìwọ kọ́ lo ni ohun tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ta nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó tóbi fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ, ta kékeré fún ẹni tí agbára rẹ̀ mọ níwọ̀n, kí gbogbo ayé mọ iye owó rẹ̀, torí ẹni tó ń gun òpó gbọ́dọ̀ jẹun. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ yọjú wo inú rẹ̀ mọ́ kí o máa ní èyí kó yá, tọ̀hún kó falẹ̀. Àna rẹ kó máa kọ́ni lọ. Àwọn ọmọ á tẹ̀lé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rán. Tí èrò bá pọ̀, kí gbogbo yín jọ falẹ̀. Àìsàn àti ìrọbí nìkan ló lè ṣáájú, Agbẹ̀bí ni yóò sì sọ ọ́. Yóò kọ wákàtí rẹ̀ sára ògiri ààfin, kí ẹni tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ bá dúró lè mọ ìdí."

Ẹ̀rín fẹ́ẹ́rẹ́ yọ létí ẹnu Oníwáyà. "Kábíyèsí, ta ni yóò wá máa ṣọ́ mi?"

"Ìyàwó rẹ. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, yọ wáyà tó wọ ilé rẹ. Inú ilé Ìyá Aránṣọ ni kí o ti fa òmíràn. Bó bá ṣe rí lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò ṣe rí nílé tìrẹ."

Ohùn obìnrin kan ta láti ẹ̀yìn. "Kábíyèsí, eré tí mo máa ń wò nírọ̀lẹ́ ńkọ́?" Ìyàwó Oníwáyà ni.

"Bí kíláàsì rẹ̀ bá ṣe yá ni eré yín náà máa ṣe yá."

Obìnrin náà yí ojú sí ọkọ rẹ̀, ó sì ń wò ó.

Oníwáyà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ẹ jù mí sẹ́wọ̀n. Mo bẹ̀ yín. Oṣù mẹ́ta. Ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà."

Kábíyèsí ti dìde, ó ń wọlé lọ.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń lọ síbi iṣẹ́, mo gba iwájú ilé Ìyá Aránṣọ kọjá. Oníwáyà wà lókè téńté òpó, òógùn bò ó. Ìyàwó rẹ̀ di àkàbà mú nísàlẹ̀, ó gbé fóònù sókè síwájú ojú rẹ̀.

"Ṣé ó ti yá?" ni ọkọ bèèrè.

"Gun òkè sí i," ni ìyàwó wí.