Kọ́kọ́rọ́ Ọrùn Bàbá Abiyamọ

Ọkùnrin yìí kò pọn ọmọ rí, kò fọ ìlédìí rí, kò sì lè sọ ìgbà tí àwọn ọmọ tirẹ̀ hu eyín. Síbẹ̀, Bàbá Abiyamọ ló ní kí gbogbo ilé ìwòsàn máa pe òun. Òun ni alábòójútó ibẹ̀. Òun ló fi ara rẹ̀ jẹ oyè náà, òun náà ló sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ sí i.

Ajíwodígí ni, ọmọ a-rí-fótò-yọ-eyín. Bí ó bá ń bọ̀ lọ́nà, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ á ti kí ọ, wàá ti dá a lóhùn, kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ.

Àwọn olóore kan láti ìlú mìíràn ló fi fíríìjì ta ilé ìwòsàn náà lọ́rẹ, wọ́n fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ọmú àti àga tìmùtìmù kún un. Wọ́n ní kí wọ́n kó o sí yàrá kan fún àwọn ìyá tí ọmọ wọn dé sáyé kí oṣù tó pé. Ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lágbára àtimu ọmú. Wàrà ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń fi rọ́bà tín-ín-rín kán sí i nínú. Ìyá tí kò bá sì ráyè fún ọmú rẹ̀ déédéé, kò ní pẹ́ tí ọmú ọ̀hún á gbẹ.

Bàbá Abiyamọ kun yàrá náà. Ó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì funfun sílẹ̀. Ó gbé àwòrán ara rẹ̀ tó fẹ̀ ju fèrèsé lọ kọ́ sára ògiri. Lẹ́yìn náà ló ti ilẹ̀kùn, ó fi okùn so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ títí àwọn olóore yóò fi wá ṣí i. Òun nìkan ló ń wọlé, nítorí inú fíríìjì yẹn ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ ti ń tutù. Orí àtẹ̀gùn ni àwọn ìyá ti ń fún ọmú, wọ́n á kọjú sí ògiri bí ẹni tó jalè.

Aránṣọ kan wà nínú wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà nínú àpótí onígíláàsì, kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ àgbàlagbà lọ. Nígbà tí ara obìnrin yìí kò gbà á mọ́, ó lọ bá Bàbá Abiyamọ ní ọ́fíìsì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣí yàrá yẹn. Ọmú mi ti ń gbẹ. Àwọn èèyàn ń kọjá lórí àtẹ̀gùn, ojú ń tì mí, wàrà ò tiẹ̀ fẹ́ wá mọ́."

"Kápẹ́ẹ̀tì funfun ni mo tẹ́ síbẹ̀, ìyá ọmọ."

"Mo yọjú wò ó lójú fèrèsé, sà. Ó dáa."

"Tí wàrà bá wá kán sí i ńkọ́?"

"Nítorí wàrà náà ni wọ́n ṣe yàrá ọ̀hún, sà."

"Ẹ ní sùúrù. Bàbá yín ni mí, mo mọ ohun tó dáa fún yín."

"Ọmọ mi ò mọ sùúrù, sà."

Bàbá Abiyamọ ti kọjú sí dígí, ó ń tún táì rẹ̀ so.

Nígbà tí ọjọ́ ìṣílé ku ọ̀la, ó rántí pé fíríìjì wàrà tí kò sí wàrà nínú rẹ̀ lè mú kí olóore bèèrè ọ̀rọ̀. Ó ra mílíìkì alágolo, ó bu omi lù ú, ó rọ ọ́ sínú àwọn ìgò kéékèèké, ó lẹ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ó tò wọ́n síwájú ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀. Ó wá yíjú sí àwòrán ara rẹ̀ lára ògiri, ó ní, "Orí rẹ pé, Bàbá." Àwòrán náà kò jiyàn.

Ọjọ́ pé, àwọn olóore dé. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Dókítà ló ṣíwájú wọn. Àwọn ìyá ọlọ́mọ tò sẹ́nu ọ̀nà; wọ́n ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n pàtẹ́wọ́, kí wọ́n má wọlé. Bàbá Abiyamọ gé ríbọ́nù níwájú ayafótò kan, ó sì la ẹnu.

"Mi ò sùn, mi ò wo. Gbogbo wàrà tó wà nínú fíríìjì yìí, òógùn ojú mi ni. Kò sí ìgò kan níbẹ̀ tí kì í ṣe èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kún un."

Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ.

Màmá Dókítà ṣí fíríìjì, ó mú ìgò kan, ó ka ohun tó wà lára rẹ̀. "Ọmọ Aránṣọ. Ìyá rẹ̀ dà? Wọlé, ọmọ mi." Ó na ìgò náà sí nọ́ọ̀sì kan tó dúró nítòsí. "Gbé e lọ fún ọmọ náà báyìí, ká lè fojú rí iṣẹ́ bàbá yín."

Nọ́ọ̀sì gbà á. Ibi tí èèyàn gidi ti máa ń kígbe nìyí. Bàbá Abiyamọ mọ ohun tó wà nínú ìgò, ó sì mọ̀ pé ó lè ṣe ọmọ náà léṣe. Ó wo ayafótò, ó yọ eyín.

"Ẹ má gbé e lọ," ni Aránṣọ wí. Ó ti dì mọ́ apá nọ́ọ̀sì. "Kì í ṣe wàrà mi."

"Orúkọ ọmọ rẹ ló wà lára rẹ̀," ni Màmá Dókítà wí.

"Mi ò fi ẹsẹ̀ tẹ ibí yìí rí, mà. Bàbá ti ilẹ̀kùn mọ́ wa ni. Orí àtẹ̀gùn ni gbogbo wa ti ń fún ọmú."

Màmá Dókítà yíjú padà. "Bàbá, ọmú ta ni wàrà yìí ti wá?"

Òógùn bo ojú rẹ̀, lọ́tẹ̀ yìí òógùn gidi ni. "Mo ti sọ fún yín, mà. Èmi ni mo… ọwọ́ ara mi ni mo fi…"

"Ẹ kú ewu, Bàbá," ni ìyá kan wí lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé tọ̀tún ló wá àbí tòsì?"

Ẹ̀rín bẹ́. Nọ́ọ̀sì tọ́ èyí tó wà nínú ìgò wò, ó ní mílíìkì alágolo ni, ó tiẹ̀ dùn. Màmá Dókítà ti àwọn ìgò tó kù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọtí ẹlẹ́rìndòdò yọjú lẹ́yìn wọn. Ìyá àgbà náà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó na ọwọ́ gba kọ́kọ́rọ́. Okùn kọ́kọ́rọ́ lọ́ mọ́ táì, Bàbá Abiyamọ tẹ orí ba níbẹ̀ tó ń tú u, ayafótò tí òun fúnra rẹ̀ pè sì ń yà á lọ.

Àwọn ìyá wọlé tòun ti bàtà wọn. Aránṣọ jókòó sórí àga tìmùtìmù, wọ́n gbé ẹ̀rọ fún un.

"Bàbá, ẹ jáde," ni nọ́ọ̀sì wí. "Wọ́n fẹ́ fún ọmú."

"Níbo ni kí n wá lọ?"

"Àtẹ̀gùn ṣì wà níbẹ̀."

Ó jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, sísọ́ọ̀sì ríbọ́nù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ nínú yàrá. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ohùn Aránṣọ, ohùn ẹni tó ń sunkún: "Ó ń wá. Nọ́ọ̀sì, ó ń wá."

Ìyá kan tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ bá a níbẹ̀, ó dúró, ó ṣíjú àánú wò ó.

"Bàbá, ẹ kọjú sí ògiri," ló wí. "Bí a ti máa ń ṣe nìyẹn. Tiyín náà á wá."